Àbàwọ́n Pupa Ibi Àlùwàlá: Ohun Tó Ń Fà Á àti Bí A Ṣe Lè Mú Un Kúrò Láìséwu



Ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì kan lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa ń fọ ibi àlùwàlá ní ìpalẹ̀mọ́ fún Jímọ́ọ̀. Àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ti gba gbogbo táìlì funfun tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Èmi ni mo ra bílíìṣì fún wọn, èmi náà ni mo sì ní kí wọ́n dà á sí i dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni àbàwọ́n náà ń ki sí i. Ni ọ̀kan nínú wọn bá lọ gbé ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́, ó dà á lé bílíìṣì náà lórí. Kò pẹ́ rárá tí òórùn tó ń ta ní imú fi gba ibẹ̀ kan. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ojú rẹ̀ ń ṣomi, kò lè mí délẹ̀. A gbé e jáde síta gbangba, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Al-hamdulillah, ó padà sílé ní ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Apòògùn ni mí. Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀ kí n tó gbé bílíìṣì lé wọn lọ́wọ́. Àlàyé náà ni mo fẹ́ ṣe lónìí.

Kí ni àbàwọ́n yìí gan-an?

Irin ni. Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí àti ilé wa ló ń lo omi bóhóòlù, irin sì pọ̀ nínú ilẹ̀ wa. Òun ló jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ wa pupa. Nígbà tí omi bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, irin lè yọ́ sínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń yọ́, ojú kò sì ní rí i. Ìdí nìyẹn tí omi fi máa ń mọ́ gaara nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde. Tí atẹ́gùn bá ti kàn án, irin náà yóò dípẹtà, yóò sì rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa. Ibi tó bá rọ̀ sí ni yóò lẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀ táńkì, ara táìlì, inú búúta tàbí jàlàbíà funfun.

Nígbà mìíràn, páìpù ló fà á. Omi ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó máa ń kan díẹ̀, omi tó kan sì máa ń jẹ páìpù onírin. Tí àbàwọ́n bá dúdú, ó lè jẹ́ manganese, tí òun náà ń bá omi ilẹ̀ wá. Tí ó bá ní àwọ̀ ewé tàbí búlúù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbà tó ń jẹ láti ara páìpù tàbí ẹ̀rọ omi.

Ìdí tí bílíìṣì fi ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́

Iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń ṣe lára irin náà ni bílíìṣì ń ṣe, tirẹ̀ sì yára jù. Ṣe ni ó ń mú kí irin tó wà nínú omi dípẹtà lójú ẹsẹ̀, tí yóò sì lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ohun tó ń ya àwọn tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nílé lẹ́nu náà nìyí: wọ́n á fi omi bóhóòlù kún un, yóò mọ́ gaara, wọ́n á da klorínì sí i, yóò sì pọ́n bí omi àgbàrá. Ohun kan náà ló ń sọ aṣọ funfun di rúsúrúsú nígbà tí a bá fi bílíìṣì àti omi onírin fọ̀ ọ́.

Bí a ṣe lè dán an wò

Ra fítámìn C oníhóró funfun. Má ṣe lo èyí tó ní àwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọdé ń jẹ, nítorí aró inú rẹ̀. Lọ hóró méjì tàbí mẹ́ta kúnná, fi omi díẹ̀ pò ó, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kan lára àbàwọ́n náà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ibẹ̀ bá funfun, irin ni. Fítámìn C ń tú ìpẹtà náà padà sí irú irin tó lè yọ́ sínú omi, omi yóò sì gbé e lọ.

Bí a ṣe lè mú un kúrò

1. Kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan ibẹ̀ dáadáa, pàápàá tí bílíìṣì bá ti kan ibẹ̀ rí.
2. Wọ ìbọ̀wọ́, kí o sì ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.
3. Po ṣíbí ńlá kan ásíìdì sítríìkì mọ́ lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè ṣe é tí ibẹ̀ bá kéré.
4. Tẹ́ àkísà tó ti mu omi yìí sórí àbàwọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, má jẹ́ kó gbẹ.
5. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírọ́bà fọ̀ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì onírin yóò ha táìlì, ibi tó ha náà ni àbàwọ́n tuntun yóò sá pamọ́ sí.
6. Fi omi púpọ̀ ṣàn án. Tí ó bá kù, tún un ṣe.

Ẹ má lò ó lórí òkúta mábù, yóò jẹ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí sìmẹ́ńtì tó wà láàárín táìlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí

Ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ ásíìdì kankan láé, ì báà jẹ́ ti ilé ìyàgbẹ́, ti bátìrì, ọtí kíkan tàbí omi ọsàn. Afẹ́fẹ́ klorínì ni yóò jáde, afẹ́fẹ́ yìí sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tó há. Ó tún burú jù fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Tí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró fọ nǹkan kan. Ẹ jáde síta, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan ojú, ẹ sì gbé ẹni tó bá ń wúkọ́ tàbí tí kò lè mí dáadáa lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má sì ra ásíìdì inú ike tí kò ní orúkọ lára.

Kí ó má baà padà wá

Ẹ bu omi láti ẹnu bóhóòlù sínú ike tó mọ́ gaara, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì láìdé e. Tí ó bá mọ́ nígbà tí ẹ bù ú, tí ó wá pọ́n, irin inú ilẹ̀ ni. Tí ó bá jẹ́ pé omi àkọ́já òwúrọ̀ nìkan ló ń pọ́n, tí yóò sì mọ́ tó bá ti ṣàn díẹ̀, páìpù ni kí ẹ wò. Ẹ fi onírọ́bà pààrọ̀ onírin.

Fún irin inú ilẹ̀, ẹ gbé omi lọ sí ibi àyẹ̀wò. Òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà kò fẹ́ kí irin kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan. Tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, táńkì méjì ló dára jù. Ẹ lu páìpù tó ń wọ táńkì àkọ́kọ́ ní ihò wẹ́wẹ́ kí omi máa rọ̀ bí òjò, kí atẹ́gùn lè kàn án. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ìpẹtà rọ̀ sísàlẹ̀. Kí omi gba inú asẹ́ oníyanrìn bọ́ sí táńkì kejì, kí ẹ sì máa tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ dànù déédéé.

Èyí tó rọrùn jù ni ká tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, nítorí ibi tí omi bá ń kán sí tọ̀sán-tòru ni àbàwọ́n ti máa ń ki jù. Ẹ sì máa nu ilẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń fi irin ṣe oúnjẹ. Wọ́n máa ń mú kí ilẹ̀ yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, àwọn bàbá àti ìyá wa sì lè ṣubú níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì tí wọ́n máa ń bi mí

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ alásàlátù ní, "Ọmọ mi, ṣé omi pupa yìí kò ní fún wa ní ẹ̀jẹ̀?" Rárá o, ẹ̀yin ìyá mi. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-mílígíráàmù 200 tí a máa ń tà ní irin tó tó mílígíráàmù 65. Ẹ ó ní láti mu ju 200 lítà lọ nínú omi tí irin rẹ̀ jẹ́ 0.3 kí ẹ tó rí ti hóró kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Èkejì: ṣé àlùwàlá tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe dára? Ọ̀dọ̀ Ímáàmù wa ni mo gbé ìbéèrè yìí lọ. Wọ́n ní omi tí àwọ̀ rẹ̀ yí nítorí ilẹ̀ tó ti wá tàbí ọ̀nà tó gbà kò kúrò ní omi tó ń mọ́ni. Nítorí náà, ẹ má fi ìrun falẹ̀ nítorí àwọ̀ omi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ ṣe, kí ẹni tó wá wẹ ara rẹ̀ mọ́ fún Ọlọ́hun lè bá ibi tó mọ́ pàdé.

Ọmọ tí mo sọ nípa rẹ̀ ti gbádùn. Òun ló ń bójú tó ibi àlùwàlá wa báyìí, ó sì ti kọ ọ́ sára ògiri pé: "Bílíìṣì àti ásíìdì kò gbọdọ̀ pàdé." Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera àti ìmọ́tótó. Àmín.