Mọ́tò tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún: Ẹ ṣírò owó kẹ́ ẹ tó rà á

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lápá ọ̀tún títì. Láti ìgbà náà, sítíárìn ọwọ́ òsì ló bá ọ̀nà wa mu, òfin ìrìnnà kò sì gba ti ọwọ́ ọ̀tún láyè. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò kékeré olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan, kí mẹkáníìkì àdúgbò lè bá a yí i padà, ní láti ronú dáadáa.

Iṣẹ́ náà kọjá sítíárìn. Wọ́n máa pààrọ̀ irin tó ń yí táyà iwájú, dáṣíbọ́ọ̀dù àti wáípà, wọ́n á sì gbé ibi ìtẹ̀ bíréèkì sí apá kejì. Ara irú mọ́tò kan náà tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n ti máa ń tú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà wọ̀nyí, owó ibẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ iná iwájú pẹ̀lú, torí apá òsì ló ń tàn sí, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò sì máa lọ.

Ewu tó tóbi jù ni kí wẹ́dà gé irin sítíárìn, kó tún jó o pọ̀. Bó bá já lórí eré, awakọ̀ kò ní lè darí mọ́tò mọ́. Ó sàn kí oníbàárà fi owó àtúnṣe náà kún owó mọ́tò tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.