Àgbàlá Tí A Fi Páànù Bò

Bí iná bá lọ lálẹ́ ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ẹní àti bẹ́ǹṣì á jáde síwájú ilé. Ẹni tó bá ti gbé ilé face-me-I-face-you rí mọ ìdí rẹ̀: yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, pásééjì gígùn láàárín, fèrèsé kan péré fún yàrá kan. Atẹ́gùn tó bá wọlé kò ríbi jáde. Ooru ara ènìyàn mẹ́rin-márùn-ún á dúró síbẹ̀, ti sítóófù ẹnu ọ̀nà á sì bá a.

Ẹ jẹ́ ká wo pásééjì yẹn dáadáa. Ní agbo ilé àtijọ́, ibẹ̀ gan-an ni àgbàlá wà, kò sì ní òrùlé. Àwọn yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń ṣíji bo ẹnu ilẹ̀kùn wọn, òjò sì ń rọ̀ sí àárín. Ẹni tó bá dé ààfin àtijọ́ Déjì ní Àkúrẹ́ yóò rí i, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá. Nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn tó gba òmìnira lóko ẹrú ní Brazil, padà sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ilé onípásééjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àgbàlá tí a fún pọ̀, tí a sì da òrùlé bò, ni pásééjì náà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ojú àgbàlá tó là sí ọ̀run yẹn níṣẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń lọ. Bí oòrùn bá pa àgbàlá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gòkè jáde, bí yàrá bá sì ní fèrèsé lẹ́yìn, òmíràn á gba ibẹ̀ kọjá wá rọ́pò rẹ̀. Ògiri amọ̀ nípọn, ó ń pẹ́ kí ooru tó là á já. Ìyá àgbà tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò béèrè fáánù.

Ẹ wá mú ọgbọ́n àgbàlá yìí dání dé Baghdad. Àgbàlá ilé àtijọ́ ibẹ̀ tóóró, ó jìn bíi kànga. Ní oṣù keje, ọ̀sán wọn ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n òru lè fi 15 rẹlẹ̀ sí ọ̀sán, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbẹ, ojú ọ̀run sì mọ́. Lóru, ooru ògiri á sá lọ sókè. Afẹ́fẹ́ tútù, tó wúwo, á sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá bí omi tí à ń dà sínú ìkòkò. Wọ́n á wá ti fèrèsé lọ́sàn-án kí ó má baà sá lọ. Bí àwa bá ti fèrèsé bẹ́ẹ̀, a ó jinná bíi mọ́ínmọ́ín inú ewé. Ọ̀sán wa lè tó 32, òru kì í sábà fi 15 rẹlẹ̀ sí i, ọ̀rinrin sì kún inú afẹ́fẹ́. Tiwa, àfi kí atẹ́gùn máa rìn.

Ní Beijing, òtútù ni ìṣòro. Àgbàlá tiwọn, siheyuan, fẹ̀, yàrá àgbà ilé sì kọjú sí gúúsù, nítorí oòrùn ìgbà òtútù kì í ga, ọ̀nà ibẹ̀ ló ti ń yọ́ wọlé. Wọn kì í sábà la fèrèsé sí àríwá, níbi tí atẹ́gùn òtútù ti ń fẹ́ wá. Síbẹ̀, ilé tó bá yí àgbàlá ká ní ògiri púpọ̀ tí ooru lè gbà jáde. Àgbàlá nìkan kò gbà wọ́n; ní ìhà àríwá Ṣáínà, wọ́n ń dáná sábẹ́ ibùsùn alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní kang.

Nílé níbí, àwọn ayàwòrán ilé ará Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, lo ọgbọ́n kí atẹ́gùn máa rìn nígbà tí wọ́n yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn lè là kọjá, ògiri oníhò.

Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé fáánù á sanwó rẹ̀: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ, fò láti náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ilé àyálégbé ní Mùṣín àti Sùúrùlérè, mo bẹ̀ yín, ẹ bá ayàwòrán ilé sọ ọ̀rọ̀ àgbàlá kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ fi àyè tó ṣí sójú ọ̀run sílẹ̀ láàárín, ẹ la gọ́tà fún omi òjò rẹ̀, kí ẹ sì fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì, ọ̀kan síta, ọ̀kan sí àgbàlá.