Ojú ìwé kan, orúkọ méjì: bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣọ́ káàṣì rẹ̀ kí àkọsílẹ̀ má bàa dàrú

Bí a bá tọ́jú fáìlì sórí fóònù ní Idigny, tàbí tí a gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú àpótí wifi kékeré, a máa ń gbà pé ohun tí a kọ síbẹ̀ náà la máa bá níbẹ̀. Èyí ò dédé rí bẹ́ẹ̀ o. Iṣẹ́ ńlá kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òun la sì fẹ́ là yé yín lónìí. Ẹ̀rọ àlòkù àti ẹ̀rọ tó ti pẹ́ wà lọ́wọ́ wa káàkiri, irú wọn gan-an lọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù.

Ẹ jẹ́ ká fi àjọ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní alájọ kan ní ìwé ńlá nílé, níbi tí owó gbogbo èèyàn wà. Kò lè máa gbé e kiri ọjà, nítorí náà ó ní carnet kékeré kan nínú àpò. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí owó ẹnì kan, á da ojú ìwé ẹni náà kọ sínú carnet. Tó bá dalẹ́, á dá àtúnṣe rẹ̀ padà sínú ìwé ńlá. Ìwé ńlá yẹn ni mẹ́mórì kọ̀ǹpútà. Carnet ni káàṣì, ibi ìpamọ́ kékeré tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ, tó sì yá ju mẹ́mórì lọ dáadáa.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ tí èèyàn kan bá lórúkọ méjì. Nílé, Abíkẹ́ là ń pè é. Nínú ìwé ìbí, Pélagie ni. Alájọ ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ to carnet rẹ̀. Láàárọ̀, Abíkẹ́ san 500 fáráǹkì, alájọ kọ ọ́ sábẹ́ A. Lọ́sàn-án, ẹnì kan béèrè iye tí Pélagie ní. Alájọ ṣí P, owó àná ló bá níbẹ̀. Kò purọ́, kò jalè, àmọ́ 500 ti fara pamọ́ fún un. Tó bá wá tún nǹkan mìíràn kọ sábẹ́ P, alẹ́ ló burú jù: á da A kọ sínú ìwé ńlá, á tún da P lé e lórí, 500 náà sì parẹ́ pátápátá.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Kernel ló ń ṣàkóso mẹ́mórì. Àwọn Faransé ń pè é ní noyau, àwa náà lè pè é ní èkùrọ́, torí inú lọ́hùn-ún ló wà, ojú kì í rí i. Èkùrọ́ yìí pín mẹ́mórì sí ojú ìwé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ báìtì 4096. Ojú ìwé kan ní àdírẹ́sì gidi kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n èkùrọ́ ní àdírẹ́sì tó fi ń pè é, ètò tí ẹ ṣí sórí ẹ̀rọ náà sì ní tiẹ̀. Ìnagijẹ ni méjèèjì. Tó bá jẹ́ ìnagijẹ ni káàṣì fi ń mọ ibi tí á kọ nǹkan sí, èkùrọ́ lè kọ ohun tuntun sí apá kan, kí ètò yín máa ka ohun àtijọ́ ní apá kejì. Kò sí iná pupa, kò sí ìkìlọ̀. Àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí máàkì ọmọ ilé-ìwé á kàn dàrú ni.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ fi iye ọ̀nà tí káàṣì ní pín títóbi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel ní káàṣì kílóbáìtì 32, ọ̀nà 8: ìdáhùn jẹ́ 4, ó bá ojú ìwé kan mu, kò séwu. Àmọ́ ọpọlọ MIPS 24Kc, tó wà nínú àpótí wifi bíi TP-Link TL-MR3020, ní kílóbáìtì 32 ní ọ̀nà 4: ìdáhùn jẹ́ 8. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè wá bọ́ sí ibi méjì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 tí Android náà sì dúró lé lórí, ń gbà yanjú rẹ̀. Èkíní ni dídá káàṣì padà: bí èkùrọ́ bá kọ nǹkan sí ojú ìwé tí ètò mìíràn lè máa wò, á pe iṣẹ́ tó ń jẹ́ flush_dcache_page, kí ohun tuntun lè dé mẹ́mórì. Ó dára, àmọ́ ó ń jẹ àkókò.

Èkejì ni àwọ̀. Ìnagijẹ tó bá ń bọ́ sí apá kan náà nínú káàṣì ní àwọ̀ kan náà. Nínú àpótí tí a sọ lókè yìí, àwọ̀ 2 ló wà, torí 8 pín sí 4 jẹ́ 2. Tí ètò méjì bá fẹ́ jọ lo ojú ìwé kan, èkùrọ́ á fún wọn ní àdírẹ́sì aláwọ̀ kan náà. Ó dà bí ìgbà tí alájọ sọ pé: ẹ jẹ́ orúkọ tó wù yín, kó ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan náà. Abíkẹ́ àti Agnès á wà lójú ìwé kan, ìjà tán.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ojú ìwé náà má gba inú káàṣì kọjá rárá. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe ò ní wáyé. Èkùrọ́ ń lò ó lórí àwọn ẹ̀rọ ARM àtijọ́ kan. Láti ìran ARMv7 ni òfin ti wà pé káàṣì dátà gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé àdírẹ́sì gidi nìkan ló mọ̀.

David S. Miller ló kọ ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà nínú Linux lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Idigny, Kétu àti Pobè tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe tàbí tí ẹ ń fi OpenWrt sórí àpótí wifi, bí ẹ bá rí «cache aliases» nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, ẹ má fòyà. Àìsàn kọ́ ni. Èkùrọ́ ń sọ fún yín pé òun ti mọ̀ pé ìnagijẹ wà, òun sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá ń kọ dráífà ni kó má gbàgbé láti pe flush_dcache_page níbi tó yẹ. Fún àwa yòókù, ká máa gba àtúnṣe tuntun sórí ẹ̀rọ wa, torí ibẹ̀ ni ìwòsàn irú àṣìṣe báyìí ti ń wá.