Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ń Tún Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣe

Bí ọmọ ilé ìwé kan ní ilé wa bá mú kálámù, tí ó fa ìlà pupa sí ara ìwé tí olùkọ́ rẹ̀ kọ, ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà yóò wí. Wọn yóò ní ọmọ náà kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ní Yunifásítì Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí a fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó pójú òṣùwọ̀n nìyẹn.

Ní ọdún 1887 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dá ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Harvard Law Review. Inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, adájọ́ àti lọ́yà ti ń jiyàn lórí òfin. Láti ìgbà náà títí di òní, akẹ́kọ̀ọ́ ni olóòtú rẹ̀. Àwọn ni ń yan àròkọ tí yóò wọlé, àwọn náà ni ń dá èyí tí kò wù wọ́n padà, ìbáà ṣe ti olùkọ́ wọn.

Báwo ni a ṣe ń wọ ẹgbẹ́ náà? Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ òfin níbẹ̀. Láyé àtijọ́, máàkì ìdánwò ọdún kìíní nìkan ni wọ́n ń wò. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìdíje ìwé kíkọ kún un. Bí ìdánwò ọdún kìíní bá ti parí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń sinmi, ẹni tó fẹ́ wọlé yóò tún jókòó. Wọn yóò fún un ní àròkọ tí àṣìṣe kún inú rẹ̀ pé kí ó tún un ṣe; wọn yóò tún ní kí ó kọ èrò rẹ̀ lórí ìdájọ́ kan tí ilé ẹjọ́ dá. Nọ́ńbà ni yóò kọ sórí ìwé rẹ̀, kì í ṣe orúkọ, kí ẹni tí ń wò ó má baà mọ ọmọ ta ni.

Ẹni tó wọlé kì í kàn bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ o. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá kọ ọ́ pé adájọ́ báyìí sọ báyìí, ọmọ ọdún kejì ni yóò lọ wá ìwé ìdájọ́ náà, yóò ṣí i sí ojú ewé tí wọ́n tọ́ka sí, yóò sì wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ wí. Àròkọ kan lè ní irú ìtọ́kasí bẹ́ẹ̀ tó igba. Iṣẹ́ tí ń sú ni ni, n kò ní parọ́, àmọ́ ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ wọn ti là sí òfin. Àwọn àgbà inú wọn ló ń yan àròkọ, tí wọ́n sì ń rí i pé ìwé jáde lásìkò. Ààrẹ ni olórí wọn. Àwọn olóòtú fúnra wọn ni ń yàn án.

Àwọn adájọ́ ńlá a máa wá ọ̀dọ́ lọ́yà tí yóò bá wọn ṣe ìwádìí, àwọn olóòtú wọ̀nyí ni wọ́n sì fẹ́ràn láti mú. Nítorí náà, ẹni tí a bá ti ìlẹ̀kùn yìí mọ́, kì í ṣe ìwé nìkan ni a fi dù ú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni Charles Hamilton Houston di olóòtú, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Ó padà di olùkọ́ òfin ní Yunifásítì Howard, ó sì kọ́ Thurgood Marshall, ẹni tó wà lára àwọn lọ́yà tó borí nínú ẹjọ́ ọdún 1954 tó fòpin sí òfin tí ń ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba.

Ipò ààrẹ ló pẹ́ jù. Ọdún 1976 ni obìnrin kọ́kọ́ dé e, Susan Estrich. Ní February 1990 ó kan ènìyàn dúdú: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ayé kò tíì mọ̀, Barack Obama. Nígbà tí yóò fi kan obìnrin dúdú, ó ti di 2017, ìwé náà ti pé 130 ọdún. ImeIme Umana ni orúkọ rẹ̀. Láti Nàìjíríà níbí ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà.