Ọkọ̀ Tí Ń Wa Ara Rẹ̀: Ṣé Òfin Eré Sísá Dè É?

 

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ kéú àti gbogbo ìjọ mọ́ṣáláṣí wa ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ni wọ́n gbé e wá síwájú wa nídìí ẹ̀kọ́ fíkíhì. Wọ́n ní: bí kò bá sí awakọ̀ nínú ọkọ̀, ta ni òfin ń bá wí?

Irú ọkọ̀ báyìí kì í ṣe àlọ́. Ilé-iṣẹ́ Waymo, tí ó jáde láti ara Google, ti ń gbé èrò láìsí awakọ̀ ní ìlú Phoenix ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2020. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa ní Command, níbi tí dánfó, Márúwá àti ẹlẹ́sẹ̀ ti ń du títì mọ́ ara wọn lọ́wọ́. (Ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe bí kọ̀ńdọ́ bá ṣàdédé fò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Ọlọ́hun ló yé.)

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀rọ Google sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ti ṣe ọkọ̀ wọn kí ó lè fi nǹkan bíi kìlómítà 16 ní wákàtí kan kọjá iye tí òfin là sílẹ̀, bí àwọn ọkọ̀ tí ó yí i ká bá ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwíjàre wọn ni pé ẹni tí ó ń rọra rìn láàárín àwọn tí ń sáré lè fa ìjàǹbá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ sáré lè gba ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá sì jẹ́ pé eré ẹnìkejì ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa wò, pátákó òfin di ọ̀ṣọ́ ẹ̀bá títì nìyẹn.

Nílẹ̀ wa, àjọ Road Safety tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú. Ọkọ̀ tí ń sá 50 ń jẹ ilẹ̀ bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá di 80, ó ju mítà 22 lọ, agbára tí yóò sì fi kọlu ènìyàn ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ lọ. Ọmọ kéú tí ó gbé wàláà há abíyá, tí ó fẹ́ fo títì, kò mọ ìṣirò yìí. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ lè tètè rí i ju ojú ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n táyà tí ń yọ̀ lórí ọ̀dà kò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ni tàbí ènìyàn ló tẹ bíréèkì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, àwọn onímímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ pàdé ní Brunei lábẹ́ Majma'ul-Fiqhil-Islāmī, ìgbìmọ̀ fíkíhì àgbáyé tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jidda. Wọ́n fẹnu kò pé títẹ̀lé òfin ojú pópó tí kò tako Ṣẹríà jẹ́ ọ̀ranyàn, nítorí pé ó wà lára gbígbọ́ ti aláṣẹ nínú ohun tí ó jẹ́ àǹfààní àwùjọ, èyí tí à ń pè ní maslaha mursala. Nítorí náà, àwọn tí ń sọ lórí ìjókòó awakọ̀ pé òfin ìjọba kì í ṣe òfin Ọlọ́hun kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, bí láwàní wọn ti wù kí ó tóbi tó.

A gbà pé lálúrí wà. Ẹni tí ó ń gbé aboyún tí ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn lè tẹná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kí ó máa kọjá òfin kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ rárá, lálúrí wo ni tirẹ̀? Ẹ̀rọ kò ní àníyàn. Àníyàn ẹni tí ó kọ ọ́ ni. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ pa òfin mọ́: láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Road Safety ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọkọ̀ akérò láti de ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá iye eré tí a fi sí i.

Àwọn ọmọ kan fi ọkọ̀ yìí wé ẹran tí ó já fúnra rẹ̀, tí a kì í gba owó ohun tí ó bàjẹ́ bí olówó rẹ̀ kò bá ṣe àìbìkítà. Àfiwé náà kò bára mu. Ọkọ̀ yìí kò já. Wọ́n rán an ni, ó sì sún mọ́ ẹran tí ènìyàn ń gùn, tí ẹni tí ó gùn ún ń san owó ohun tí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọlọ́pàá San Bruno ní California dá ọkọ̀ Waymo kan dúró nítorí pé ó ṣẹ́rí padà níbi tí kò tọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni tí wọn yóò kọ ìwé ìtanràn fún. Òfin tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní ọdún 2024 ti dá sí i: ó fi oṣù keje ọdún 2026 ṣe ìgbà tí ọlọ́pàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ẹ̀sùn irú èyí, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni yóò sì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti èrò tí ó jókòó sẹ́yìn.