Ẹ má tíì pe ẹni tó ń gbowó iná yín lólè, ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú tó ń ka mítà wò!

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìjà iná tún ti gba ọ̀nà mìíràn yọ o, pàápàá láwọn ilé tí ayálégbé mẹ́fà, méje ti ń lo mítà kan ṣoṣo. Láyé NEPA, orí bíìlì tí wọ́n bá já sílẹ̀ nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, orí fóònù ni. Ẹnì kan á ra ẹ̀rọ kékeré kan tó lójú, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mítà, ẹ̀rọ náà á sì máa fi iye iná tí wọ́n ń lò ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó ń gbowó iná nínú ilé ní òun ra 100 yúnìtì, gbogbo ẹ̀ sì ti tán. Ẹ̀rọ ní 62 péré ni wọ́n lò. Ariwo á ta: "Níbo ni 38 yòókù wọlé sí?" Owó kékeré kọ́ o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà dé 225 náírà fún yúnìtì kan, 8,550 náírà ni 38 yúnìtì. Wọ́n ti torí ohun tí ò tó bẹ́ẹ̀ ba èèyàn lórúkọ jẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wá jẹ́rìí yẹn ńkọ́, ṣé ojú ẹ̀ ríran dáadáa?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó máa ń ṣẹ́jú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí nǹkan bíi 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tó bá fi máa ṣẹ́jú nígbà 1,000 tàbí 1,600, yúnìtì kan ti lọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ò ju kó máa ka iye ìgbà tí iná yẹn ṣẹ́jú. Kò wọnú mítà, kò sì mọ iye tẹ́ ẹ rà.

Nọ́ńbà yẹn lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 1000 ló wà lára mítà, tí ẹni tó to ẹ̀rọ wá kọ 1600 sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá lo 100 yúnìtì, 62 àtààbọ̀ ló máa sọ. Ṣẹ́ ẹ rí i báyìí? Kò sólè níbẹ̀, nọ́ńbà ló ṣì. Tó bá sì jẹ́ òdìkejì ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá lo 10, yóò pè é ní 16.

Èkejì ni oòrùn. Tí mítà bá wà lára ògiri níta, oòrùn lè wọ ẹ̀rọ náà lójú débi pé kò ní rí iná pupa yẹn mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ló ń ṣì í kà, oòrùn lẹ máa mú. Téèpù dúdú táwọn oníná fi ń wé wáyà ni kẹ́ ẹ fi bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yíká. Tó bá jẹ́ alẹ́ ló ń ka àkàjù, ẹ fura sí gílóòbù tó wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí. Iná ojú mítà lè ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí wọ́n kọ imp/kWh sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ̀rọ dojú kọ gan-an. Tó bá yẹ̀ díẹ̀, tí eruku bò ó, tàbí tí bátìrì ẹ̀ ti ń kú, yóò máa fò ó kà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò ò le. Lálẹ́ òní, ẹ kọ iye yúnìtì tó kù nínú mítà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ èyí tí ẹ̀rọ sọ. Ẹ má tẹ iná tuntun sí i. Ní irú àsìkò yẹn lọ́la, ẹ tún wò ó. Bí mítà bá kúrò ní 84.6 bọ́ sí 77.1, yúnìtì méje àtààbọ̀ ló lọ, iye tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ náà nìyẹn. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ̀rọ lẹ máa tún tò, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ má sì tìtorí ẹ̀ ṣí mítà o, ọ̀ràn ni téèyàn bá já èdìdì tí iléeṣẹ́ iná fi tì í.

A ò sọ pé kò sí ẹni tó ń kówó iná jẹ. Bí ẹ̀rọ bá yege tí owó ò sì tíì pé, ẹ ní kó kó rìsíìtì ẹ̀ jáde, torí iye yúnìtì tó rà máa ń wà níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ nìkan ò tó fi dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.