Ìwé Ẹ̀rí Ìtọ́jú Àkọ́kọ́ Kì í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́ Ara Ògiri

Nígbà tí a ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ wa wò ní agbègbè Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, a dé ibi kan tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Wọ́n fi férémù àti gíláàsì gbé ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú àkọ́kọ́ kọ́ sára ògiri. Ọdún tí ó wà lórí rẹ̀ ni 2017. A béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín bí a ti ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, ó ti pẹ́ jù.” A ṣí àpótí ìtọ́jú, rìsíìtì ni ó kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ilé-Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sì sọ pé ohun ìtọ́jú nìkan ni kí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pa wá lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté omi jíjìn Lẹ́kí àti ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní 2023, ọkọ̀ àjàgbé ti pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Akódò lóòótọ́, a sì lè pe 767 tàbí 112, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ mọ́, láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6 ni ọpọlọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ta ni sún-kẹẹrẹ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ yóò jẹ́ kí ó tètè dé? Ẹni tí ó wà nítòsí ni yóò gba ẹ̀mí là.

Kí ló dé tí ìwé ẹ̀rí fi ń ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán? Ohun tí ọwọ́ kò bá ṣe, ọwọ́ a gbàgbé rẹ̀. Láàárín oṣù 3 sí 6 ni ó ti ń yẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀kọ́ náà pàápàá ń yí padà. Kí ó tó di 2005, títẹ àyà 15 àti èémí 2 ni wọ́n ń kọ́ni. Lónìí, títẹ 30 àti èémí 2 ni, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà sì wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6.

Ẹ̀yin apẹja Ẹlẹ́kọ̀ọ́ àti Orímẹ́dù, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Bí ẹ bá yọ ẹni tí omi gbé tí kò mí mọ́, ẹ má ṣe gbé e dorí kodò, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ níkùn pé kí omi jáde. Èémí ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ sí i lẹ́nu, kí ẹ tó máa tẹ àyà rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́ kan ń lo ọdún 2, ti àwọn mìíràn ọdún 3. Ẹ wo ọjọ́ tí ó wà lára tiyín. Ẹgbẹ́ Rẹ́dì Kírọ́ọ̀sì ilẹ̀ Nàìjíríà, tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1960, ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ san owó fún, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá a ó fi ọwọ́ ara wa tẹ àyà ère ìdánrawò. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni, ẹ mú owó yín padà sílé. (Ẹ má sì dán an wò lára ènìyàn tí ara rẹ̀ dá o!)

Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí yóò parí sínú ìwé ìpàdé, kí a sì rán wọn létí ní oṣù 3 ṣáájú. Owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ tó ó ṣe. Ènìyàn méjì ni kí ẹ rán lọ, nítorí ẹnì kan ṣoṣo lè rin ìrìn-àjò.

Àwọn alábúlọ́ọ̀kù ti kó rìsíìtì wọn kúrò nínú àpótí. Awakọ̀ kan àti ìyá tí ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n yàn láti lọ.